Ọtí Tí Kò Gbóná Tí Kò Tutù

Ìwàrò,
Ọ̀kà-Àkókó.

Mọ́júbọ́lá ọmọ mi,

Màá kọ́kọ́ kí ọ ná, nítorí pé inú ló ń bí mi, mi ò ya aláìníwà. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ń lọ déédéé, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ kì í fi ojú rẹ gbolẹ̀? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n pọ̀n ọ́ gun òkè Ọ̀kà yìí nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, tí ẹsẹ̀ mi kò yọ̀ lórí àpáta, òun náà ni yóò máa dì ọ́ mú ní Èkó. Wọn ò ní wá ọ tì níbi tí wọ́n bá ti ń pín ire. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́. Ewúrẹ́ ńlá yẹn ti bí ìbejì, àwọn méjèèjì jọ òbúkọ Godwin káfíńtà, Godwin sì ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Òjò kan ti rọ̀, kò tó gbin nǹkan. Ó ti tó. Mo ti kí ọ.

Wàyí o, Mọ́júbọ́lá, kí ni mo fi ṣe ọ́?

Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́, nítorí pé orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. O ní kí n tẹ ibi tó rí bí ẹ̀wà lójú Wásáàpù, kí n gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. O ní ẹ káàsán mà, mo ní káàsán ọmọ mi, ṣé o ti jẹun, o ò dáhùn. O kàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ní dúró kí n sọ ìkòkò kalẹ̀, o ò dúró. Mo bi ọ́ léèrè pé irú ọtí wo nìyẹn, o gba orí ìbéèrè mi kọjá bí ẹni tí kò ní ìyá. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, o tún kí mi ní ẹ káàsán, mo ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ara wa tán ni, o tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan náà láì yí ọ̀rọ̀ kan padà, àní ikọ́ tí o wú ní àkọ́kọ́, o tún un wú ní ojú ibi tí o ti wú u. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé ọwọ́ lé fóònù náà, mo gbàdúrà fún ọ. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ń rẹ̀ ọ́ lọ́pọlọ, sọ fún wa.

Ohun tí mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹbí Fọláránmi, ọmọkùnrin tí o fẹ́ fẹ́ yìí, ń bọ̀ láti Ìkàrẹ́ wá mọ ilé wa, pé bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Zachariah Akínlọ́lá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ni yóò ṣáájú, àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Ìyá Ládélé, tó tọ́ ọmọ náà dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. O ní bí Ìyá Ládélé bá ti ní rárá, rárá náà nìyẹn, kò sí ẹni tó lè yí i padà nínú ẹbí wọn. O ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín ni gbogbo ayé mi wà. Ṣé o rántí pé o sọ bẹ́ẹ̀? Èmi rántí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe, bí mo ṣe ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Móódà nígbà kan, mi ò fo ìlà kan.

Ìgò wáìnì pupa rẹ dé ọ̀dọ̀ wa látọwọ́ dírẹ́bà ọkọ̀ Èkó, ó wé e sínú táwẹ́ẹ̀lì bí ọmọ tuntun. O ní irú èyí kan náà lẹ ń gbé fún àwọn èèyàn ńláńlá ní hòtẹ́ẹ̀lì yín, pé iṣẹ́ rẹ gan-an ni kí o mọ bó ṣe yẹ kó tutù tó. O ní a ò gbọdọ̀ fi í sínú fíríìjì. Ìyẹn kò ṣòro, nítorí láti ìgbà tí iná ti lọ, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ ló wà nínú fíríìjì tí o rà fún wa, eku kò lè dé ibẹ̀. O ní a ò gbọdọ̀ fi áìsì kàn án. O ní a ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó gbóná. Kò gbọdọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ tutù. Mọ́júbọ́lá, ìwọ tí o kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì jáde, o mọ ohun tí Olúwa ní òun yóò ṣe sí ohun tí kò gbóná tí kò tutù. Ẹnu ló ní òun yóò ti pọ̀ ọ́ jáde. Mo sọ ọ́ sí ohùn rẹ nínú fóònù, ṣùgbọ́n o ti ń wú ikọ́ nígbà yẹn.

O ní kó ṣáà wà bí yàrá ṣe wà. Yàrá wo? Yàrá bàbá rẹ, páànù rẹ̀ kò ní síílì, tó bá di ọ̀sán, àbẹ́là tó wà lórí tábìlì a máa tẹrí ba fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbàdúrà. Yàrá tèmi kọjú sí àpáta, àpáta yẹn a máa mu oòrùn láti àárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a wá máa tú u jáde sí wa lára. Yàrá tí ìwọ ń sùn sí ló ṣe bí ọmọlúàbí díẹ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn iṣu ló wà níbẹ̀. Mo kó irúgbìn iṣu jáde, mo gbálẹ̀, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé wáìnì rẹ sórí rẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Àbúrò bàbá rẹ tó wá kí wa láti Ifira, orí àga ló sùn. Ó bèèrè pé ta ló wà ní yàrá Mọ́júbọ́lá, mo ní àlejò ni.

Lẹ́yìn náà ni ti mẹ́rìndínlógún yẹn. O ní ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún sí méjìdínlógún ni kó jẹ́. Mo bi bàbá rẹ pé mẹ́rìndínlógún kí ni, ó ní bóyá ọjọ́ ni, kí n bi Kamaldeen tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní òdìkejì títì. Kamaldeen ní ìwọ̀n ooru ara ni, ó sì mú ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà wá, èyí tí wọ́n ń há sí ọmọdé lábíyá. Ìgò kò ní abíyá. A fi há a lọ́rùn, a fi aṣọ dì í, gbogbo wa dúró. Ó dún píì. Kamaldeen wò ó títí, ó mi orí, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ooru kankan lára aláìsàn yìí, pé bó bá jẹ́ èèyàn ni, òun ì bá ti ní kí a ránṣẹ́ sí ẹbí. Bàbá rẹ ṣí fìlà. Mo ní kó dé e padà, ọtí ni.

Bí mo ti ń sọ èyí fún ọ, mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Ìdààmú bá mi. Mi ò sùn dáadáa. Mo ń dìde lọ fọwọ́ kan ìgò náà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo tún ń fọwọ́ kan ara mi, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí ibà ń mú ọ.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ gan-an, mo ti gun ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́ láàárọ̀, mo ra áìsì, mo fi àpò ìrẹsì wé e, mo gbé e lé itan wá sílé, itan mi kú. Mo fọ́ ọ sínú bàsíà ńlá lẹ́yìnkùlé, mo ri mọ́ọ̀tì àti mínírà sínú rẹ̀, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Kí o gbọ́ o: áìsì wà nílé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ lẹ́yìn mi pé Naomi kò ní áìsì nílé. Ṣùgbọ́n o ti ní àwọn àgbà ni wáìnì wà fún, àwọn yòókù ni kí a fún ní mọ́ọ̀tì.

O sì tún ní kí n ṣí wáìnì náà sílẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó dé, kí ó lè mí. Nínú ilé onígbàgbọ́. Ìdérí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi eyín ṣí, igi rírọ̀ kan ni wọ́n kì mọ́ ọn lẹ́nu, mo ránṣẹ́ pe Godwin. Godwin kan skúrù mọ́ ọn, ó fi pláyà fà á, ìdajì jáde, ìdajì fọ́ wọlé, ó sì ń léfòó níbẹ̀ bí ìyàngbò. Godwin ní iṣẹ́ ti parí. Mo gbé e sílẹ̀ kó máa mí, mo sì kìlọ̀ fún bàbá rẹ kó má sọ ọ̀rọ̀ ẹbí Akínlọ́lá níwájú rẹ̀, nítorí ohun tó bá ń mí lè máa gbọ́.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọlé. Mọ́tò wọn ti hó lójú ọ̀nà, wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ rìn nínú oòrùn. Aṣọ Ìyá Ládélé lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó jókòó, ó ṣí gèlè, ó fi ń fẹ́ ara. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀n ni, ohùn rẹ̀ a máa kún ilé. Ó ní ẹ̀yin ará Ọ̀kà yìí, ṣé ẹ fẹ́ bá Ọlọ́run pín ògiri ni tí ẹ fi kọ́lé sókè báyìí? Ó ní kí a jọ̀ọ́ ká bùn wọ́n ní nǹkan tútù, ọ̀rọ̀ lè tẹ̀ lé e. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìkẹyìn nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ fún dírẹ́bà wọn ní mọ́ọ̀tì lábẹ́ máńgòrò, nítorí o ní àwọn yòókù ni. Ìgò náà ń làágùn. Ó fi nu ọrùn, ó fi lé iwájú orí, ó dijú, ó gbé e mu dé ìdajì, ó gùnfẹ̀, ó ní a dúpẹ́ Olúwa. Gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Ládélé ń wò láti ojú fèrèsé. Ojú tó fi ń wo ìgò yẹn, ọmọ mi, ojú tí èèyàn fi ń wo ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí ẹlòmíràn ń ro ni.

Mo wá gbé wáìnì jáde. O ní kọ́ọ̀bù gíláàsì ńlá ni kí n lò, mo yá kọ́ọ̀bù gíláàsì ńlá lọ́dọ̀ ìyàwó pásítọ̀. O ní díẹ̀ ni kí n bù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó má kún, mo bu díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Zachariah gbé tirẹ̀ sókè, ó fì í sọ́tùn-ún, ó fì í sósì, ó wá bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni a fẹ́ kọ́kọ́ jẹ. Ìyá Ládélé gba tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀bù mú. Ó wò mí. Ó ní Ìyá Mọ́júbọ́lá, ta ló gbé ọtí yìí sórí ààrò?

Mo ní kì í ṣe orí ààrò mà, orí bẹ́ẹ̀dì ni.

Ó wo inú kọ́ọ̀bù, ó rí ìdọ̀tí igi tó ń léfòó. Ó ní ta ló sì ṣí i? Mo ní Godwin káfíńtà ni mà. Ó ní nígbà wo? Mo ní láti ìgbà tí a ti ń gún iyán. Ó ní ẹ ṣí ìgò ọtí de àna, kí àna tó wọlé. Mo ní kí ó lè mí ni mà. Ó ní kí ó lè kí ni? Mo ní mí. Ó gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ kíákíá.

Mọ́júbọ́lá, ṣé Èkó ti mú ọ gbàgbé ni? Àna kì í bá ìgò ní ṣíṣí. Ojú àna la ti ń ṣí i, onílé á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí àlejò tó mu, kó lè hàn pé májèlé kò sí nínú rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n! Wọ́n ṣe é fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ nílé bàbá rẹ. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣí ìgò sílẹ̀, nítorí pé o ti sọ pé ọwọ́ mi ni gbogbo ayé rẹ wà.

Ìyá Ládélé yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní Zachariah, dìde ká máa lọ. Ó ní ọtí tí wọ́n ti ṣí, tí ẹlòmíràn ti mu kù, tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, òun lè fojú fo gbogbo ìyẹn, òun lè pè é ní àìmọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tútù la fi ń la ọ̀nà àna. Omi tútù la fi ń ṣàdúrà fún ìyàwó, omi tútù la ń dà sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé ọkọ. Ó ní òun tọ́ Fọláránmi láìní ìyá, òun ò ní fi ọwọ́ ara òun mú ohun lílọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀. Ó ní ilé tó bá ti ẹnu ọ̀nà gbóná wá, ta ni yóò rí omi bù pa á?

Mo ní ẹ má bínú mà, Mọ́júbọ́lá ọmọ yín ló ní ìwọ̀n mẹ́rìndínlógún ni. Ó ní mẹ́rìndínlógún kí ni? Mo wo bàbá rẹ. Bàbá rẹ wo ilẹ̀.

Wọ́n ti dìde. Ọ̀gbẹ́ni Zachariah ti ń wá bàtà rẹ̀. Mo rí i pé bí obìnrin yìí bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ òkè Ọ̀kà báyìí, ó ti parí fún ọ nìyẹn, o ó máa sunkún nínú fóònù, èmi ó máa dáhùn, o ò ní gbọ́. Ẹnìkan nínú ilé wa ní láti mu ọtí náà lójú wọn. Bàbá rẹ na ọwọ́, ṣùgbọ́n alàgbà ìjọ ni, kò fi ẹnu kan ọtí rí láti ìgbà tí wọ́n ti fi í joyè. Mo kúnlẹ̀ láàárín ilé. Mo gbé kọ́ọ̀bù Ìyá Ládélé, mo mu ún.

Háà, Mọ́júbọ́lá. Èyí ni ẹ ń gbé fún èèyàn ní Èkó tí wọ́n ń dúpẹ́? Ó fa ahọ́n mi bí èso kaṣú tí kò pọ́n. Ó kan, ó korò, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ jòjòló. Ìdọ̀tí igi Godwin há mi lọ́fun. Èmi kò sì gbọdọ̀ fajú ro, nítorí bí mo bá fajú ro, májèlé ni. Mi ò gbọdọ̀ wúkọ́ pàápàá. Mo mu ún tán, mo ṣe ojú mi bí ojú ẹni tó ń gbọ́ orin ìyìn, mo ní ó dára mà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Gbogbo wọn ń wò mí bóyá màá ṣubú. Dírẹ́bà ti wá sí ojú fèrèsé, ó gbé mọ́ọ̀tì rẹ̀ dání. Mo gbójú sókè, bàbá rẹ náà ń wò mí bóyá màá ṣubú. Bàbá rẹ! Ẹni tí mo ń gbọ́únjẹ fún láti ìgbà yìí wá!

Mi ò ṣubú. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Ládélé gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo gbé ìgò wáìnì, mo sáré tẹ̀ lé e. Ó ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí bàsíà, ó rí áìsì, ó kígbe pé nǹkan yìí wà nílé yìí! Ó fi ọwọ́ bu áìsì kún kọ́ọ̀bù, ó ní kí n da wáìnì lé e lórí, kí n má fi ahun dà á. Ó dúró títí kọ́ọ̀bù fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ní kí n kọ́kọ́ mu. Mo mu. Ó wá mu tirẹ̀, ó dijú bí dírẹ́bà, ó ní ẹ̀n-ẹ́n. Ó ní ó ti tutù. Ó bu áìsì mìíràn fún àbúrò rẹ̀, ó wọlé padà, ó jókòó, ó ní kí ni a fi iyán sí?

Mo mọ̀ pé o ń pariwo bí o ṣe ń kà á. O ti ní kí a má fi áìsì kàn án. Pariwo lọ. Iyán tí wọ́n jẹ, wọ́n fọwọ́ nu àwo.

Ṣùgbọ́n má jó o, nítorí kò tí ì tán. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, Ìyá Ládélé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun mọ̀ pé ọtí yẹn kan, òun ti fi imú gbọ́ ọ, pé ojú mi tí kò yí nígbà tí mo mu ún nìkan lòun mú lọ sílé lónìí. Ó ní àwọn ń padà bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, ọjọ́ náà lòun yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Ó ní ìwọ gan-an ni kó kúnlẹ̀ ṣí ìgò lójú àwọn, kí o tọ́ ọ wò, kí ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀ sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí eyín yóò fi ro òun. Nítorí náà, bẹ ọ̀gá rẹ láti ìsinsìnyí. Bó bá ní kò sáyè, sọ fún un pé ìyá rẹ ti mu májèlé nítorí rẹ, ohun tó kù kò tó nǹkan.

Kí o fi owó ránṣẹ́, owó áìsì àti ti ọ̀kadà tí yóò gbé e. Fi owó kún un ká lè ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà mìíràn fún Kamaldeen, àwọn ìyá ọmọ ti ń kọ tirẹ̀, wọ́n ní òkú ni wọ́n fi wọ̀n lọ́dọ̀ wa. Má tún fi wáìnì ránṣẹ́. Ìgò rẹ̀ dára ṣá, mo ti rọ epo pupa sí i. Epo kì í sọ pé yàrá báyìí lòun fẹ́.

Ọmọ mi, inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìbínú di ìwé pa. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé ọkọ. Kò ní fún ọ ní ilé oníwọ̀n mẹ́rìndínlógún, tí wọn yóò máa wọn ọrùn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ bó ṣe wà. Tútù ni yóò tutù. Ìyá Ládélé yóò da omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omi yẹn yóò tutù, ẹsẹ̀ tó bá bọ́ sínú rẹ̀ kò ní mọ ilẹ̀ gbígbóná láéláé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Naomi, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń kan.